Ọmọ Tí A Dá Iye Lé ní Náírà

Nínú ilé Blandine lórí òkè Dassa, Faransé nìkan ni wọ́n ń sọ nídìí ààrò. O lè jẹ́ ọmọ ilé, o lè jẹ́ àlejò, bí o bá ti kọjá òkúta pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná báyìí, èdè tí ìyá rẹ fi tọ́ ọ dúró síta dè ọ́ nìyẹn. Bí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń rán sí i láti Ṣakí àti Ìsẹ́yìn nìyẹn. Kò ní pátákó, kò ní ẹfun ìkọ̀wé. Iṣu ni pátákó rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ jẹun yóò kọ́kọ́ mọ orúkọ ohun tó fẹ́ jẹ, yóò mọ bí a ti ń tọrọ rẹ̀, bí a ti ń dúpẹ́, àti bí a ti ń fi ọ̀wọ̀ ráhùn pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn mìíràn dé bí odi. Nígbà tí wọn ó fi padà sílé, wọ́n ń bá ọlọ́pàá ojú títì jiyàn ní Faransé, wọ́n sì ń jàre.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a ń fi oúnjẹ kọ́, bí oúnjẹ bá ti rí ni ẹ̀kọ́ yóò rí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe ẹ̀kọ́ ẹran kẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ wàgàsì, wàrà tí àwọn ìyàwó Fúlàní ń gbé wá láti Kèrè, parí sí ọjọ́ Nọ́ẹ̀lì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, gààrí ni Mùbárákà ń rẹ, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sì lè sọ nípa gààrí kò pọ̀.

Mùbárákà ni ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo tó kù nínú ilé náà. Nígbà kan, wọ́n ń sùn níbẹ̀ bí ẹja inú agolo, títí àwọn òbí fi ń wá mú wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí oníkálùkù ń sọ pé ìlú le. Bàbá tirẹ̀, Ṣàkírù, tó ń tún ọkọ̀ ńlá ṣe ní Ṣakí, kò wá mú un. Iṣẹ́ kan ń dúró de ọmọbìnrin náà lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń kó ẹrù kọjá ẹnubodè, bí ó bá lè gba ìwé ẹ̀rí Faransé. Ìdánwò rẹ̀ ní Kọ̀tọ̀nú kò ju oṣù kan àbọ̀ lọ mọ́.

Eustache, ọkọ Blandine, gun alùpùpù sémìjàn tó fi ń gbé èrò wọ àgbàlá, ó pa á, ó sì kó owó séfà, owó ilẹ̀ wọn, kalẹ̀ sórí àpótí. Ó ti ọ̀dọ̀ Ìdírísù bọ̀, ẹni tó ń bá wọn pààrọ̀ owó tí Ṣàkírù ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Blandine wo owó náà. Kò fọwọ́ kàn án.

"Bàbá Léa, ìyókù ńkọ́?"

"Ìyókù kí ni?"

"Ìyókù owó."

"Owó náà nìyẹn."

"Ẹ ti ra bẹ́ńsìnì nínú rẹ̀."

"Èmi? Màríà Mímọ́ ló rí mi o, mi ò..."

"Ẹ má pe Màríà sí i. Ihò àpáta tí wọ́n ti ń gbàdúrà sí i kò jìnnà síbí, ó ń gbọ́."

Eustache bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fi gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò. Ó jẹ́ ọkùnrin tí kì í tètè bínú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku báyìí, ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

"Kúkú lọ bi Ìdírísù," ó ní. "Náírà tí Ṣàkírù ń san kò yí padà láti ọjọ́ tó mú ọmọ rẹ̀ wá. Séfà tó ń bí ló ń gbẹ. Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé kí o dá iye lé e ní séfà. O ní náírà. Ìwọ àti ìyá mi."

"Ẹ má dárúkọ mi sí i," ni ohùn kan wí láti orí ẹní lábẹ́ igi kajú. Ìyá Àgbà ni, ìyá Eustache. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìjà tó ń kọjá rẹ̀ nínú ilé náà. "Nígbà tèmi, náírà ni ọkùnrin ń mú bọ̀ wálé tí wọ́n fi ń kan páànù. Páànù tó wà lórí yín yẹn, ṣé séfà ló kàn án?"

"Màmá, páànù ti ń jò."

"Òjò ni ẹ bá wí. Ẹ má bá mi wí."

Blandine rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ilé ìdáná, ìró ṣíbí ti dúró. "Ó dáa, náírà ni mo dá. Mo ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti jẹ òkèlè."

Kò sí ẹni tó ní láti bi í pé òkèlè wo. Lórí òkè Dassa yìí, ọmọ tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá gbé nínú ilé, àgbà obìnrin ilé náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu lálẹ́ ọjọ́ tó dé. Bí ó bá ti gbé e mì, ó ti di ọmọ ilé. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ nígbà tó gbé òkèlè náà mì ni yóò wà nílẹ̀ títí yóò fi lọ. Ẹran ọ̀sìn là ń tún iye rẹ̀ dá bí ọjà bá ti yí. Ìyá Àgbà ló bu òkèlè fún Mùbárákà.

"Mo mọ̀ pé ó jẹ òkèlè," ni Eustache wí. "Léa náà jẹ òkèlè. Èmi náà máa ń jẹ òkèlè. Òkèlè náà ló ń tán." Ó tún gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Mo ti pe bàbá rẹ̀. Lánàá. Mo ní kó máa san ìlọ́po méjì, tàbí kó wá mú ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ lónìí."

Blandine jókòó sórí odó tó dojú délẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi yí ojú sí ọ̀nà òkè.

"Ẹ mú owó yín," ó ní nígbẹ̀yìn. "Mi ò ní fọwọ́ kàn án títí n ó fi rí Ìdírísù."

Eustache kó owó náà padà sápò. Ìyá Àgbà yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀.

*

Ọ̀nà tó ti ilé wọn lọ sí ọjà gba àárín àwọn òkúta ńláńlá kọjá, òkúta dúdú tí oòrùn ti ń yan láti òwúrọ̀. Ibẹ̀ ni Blandine ti pàdé Elvire, aládùúgbò rẹ̀, tó ti Nàìjíríà dé lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn. Obìnrin náà kò kí i. Ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà lójú ọ̀nà.

"Wò ó!"

Eyín funfun kan ń dán níwájú bí àwo tuntun láàárín àwo àtijọ́.

"Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Dorian."

"Ìnáwó kẹ̀! Bí mo bá sọ iye tí wọ́n gbà, o ó ṣépè fún mi. Owó tí wọn ó fi yẹ ẹnu yìí wò lásán ní Kọ̀tọ̀nú, òun ni wọ́n fi yọ ògbólógbòó kan ní Ṣakí, wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, mo sì fi ìyókù dirun, mo tún fi ránṣọ. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe lọ́hùn-ún ti di ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá mú séfà lọ. Náírà yìí, kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ má jẹ́ kó dìde!"

"Dókítà tó ṣe eyín náà, ṣé ó ti jẹun kó tó ṣe é?"

Elvire pa ẹnu dé. "Ìwọ náà, Blandine, ìbéèrè rẹ! Ẹnu mi ni mo là fún un. Mi ò wo inú tirẹ̀." Lẹ́yìn náà, ó sún mọ́ ọn. "Mo gbọ́ ariwo yín láàárọ̀. Ọmọ Yorùbá yẹn ni, àbí? Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́. O ń bọ́ ọ bí ẹyin, o sì ń gba ewé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Lé e lọ."

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Dorian."

"Mo sọ tèmi o!"

Blandine ń lọ. Ní ìsàlẹ̀, ojú títì Kọ̀tọ̀nú sí Pàràkú ń tàn, àwọn tírélà sì ń gba ibẹ̀ lọ síwá sẹ́yìn. Ó ń ronú nípa eyín Elvire. Ẹnì kan jókòó ní Ṣakí, ó fi suúrù gbẹ́ eyín náà, ó fi ọgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún lẹ̀ ẹ́ mọ́ erìgì aládùúgbò òun, inú ẹni tó la ẹnu sì dùn pé ọgbọ́n náà pọ̀ yanturu. Òun náà jókòó ní Dassa, ó ń fi ọgbọ́n tirẹ̀ sí ọmọ ará Ṣakí lẹ́nu. Ọgbọ́n tó ń ti ọ̀hún bọ̀ ti di ọ̀pọ̀, ọgbọ́n tó ń ti ìhín lọ ti di ọ̀wọ́n. Síbẹ̀, òun kò kọ́ ọmọ ju bí òun ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lọ, oníṣẹ́ eyín náà kò sì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Kí ni ó yí padà nígbà náà?

Ìdírísù jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín ọṣẹ àti ìpara, ó gbé fóònù méjì lé itan. Àpótí owó wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

"Ìyá Léa, ẹ káàbọ̀. Ṣé owó ni ẹ wá kà, àbí èmi?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ọkọ mi ló ní kí n wá bi yín."

"Ọkọ yín kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Mo ka owó náà sí i lọ́wọ́, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dúró níbi tí ẹ dúró sí yẹn, ó ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tó ń wo onídán."

"Ta wá ni ó ń mú ìyókù?"

Ìdírísù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ilé rẹ̀ ni n bá kọ́lé tì. Ìyá Léa, bí mo bá ra náírà láàárọ̀, kí n tó kírun ọ̀sán, ó ti rọ̀ bí ilá àná. Èmi náà ń sá fún un."

"Ṣàkírù mọ̀?"

"Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Iye tó fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá ló fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ọwọ́ rẹ̀ kò sọ fún un pé òun ti kúrú." Ó yẹ fóònù kan wò, ó yẹ èkejì wò, ó dojú àwọn méjèèjì dé. "Ẹ tún iye dá. Ẹ sọ ọ́ ní séfà."

"Ìyá Àgbà ti bu òkèlè fún un."

Ìdírísù kì í ṣe ọmọ orí òkè, Mùsùlùmí ará ọjà ni, ṣùgbọ́n abẹ́ òkè ni wọ́n bí i sí. Ó mi orí. "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀," ó ní, "òkèlè yẹn wúwo ju gbogbo owó inú àpótí mi lọ."

*

Nígbà tí Blandine dé ilé, Ṣàkírù ti dé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi kajú, eruku pupa kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró ya fọ́tò. Epo dúdú iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná. Ó dìde nígbà tó rí obìnrin náà.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Léa."

"Ẹ kú ọ̀nà, Bàbá Mùbárákà. Ẹ kú ewu. Wọ́n ti fún yín lómi?"

"Wọ́n gbé e wá. Ààwẹ̀ ni mo gbà."

Blandine wo ọmọbìnrin náà tó dúró lẹ́nu ilé ìdáná. Mùbárákà wo ilẹ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń gba ààwẹ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èyí.

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ pe Blandine sọ́dọ̀. "Ojú mi fọ́, etí mi kò fọ́," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Inú rẹ̀ ń ké láti ìgbà tó ti jókòó. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ fún un lóúnjẹ kí ẹ tó bá a sọ nǹkan kan."

"Màmá, ó ní ààwẹ̀ ni."

"Mo gbọ́ ohun tó ní."

Wọ́n gbé gààrí àti ẹ̀wà díẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi àwo dé e, bí ẹni tó gbé nǹkan síbẹ̀ lásán. Ṣàkírù kò yí ojú sí i. Eustache jókòó síwájú rẹ̀ lórí òkúta. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kí ara wọn, wọ́n béèrè àlàáfíà ìyàwó, wọ́n béèrè ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ooru. Nígbà tí kò sí ohun mìíràn láti béèrè mọ́, Ṣàkírù yíjú sí Blandine.

"Ìyá Léa, ẹ dákun. Ṣé ọmọ mi hùwà tí kò dára ni?"

"Rárá o."

"Ṣé mo jẹ yín lówó?"

"Ẹ ò jẹ wá ní kọ́bọ̀."

"Ṣé mo dín in kù rí?"

"Ẹ ò dín in kù."

"Ṣé mo pẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́?"

"Ẹ ò pẹ́ rí."

Ọkùnrin náà la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó wò wọ́n. "Kí ni mo wá ṣe?"

Ewé kajú kan já lulẹ̀, adìyẹ kan sáré lọ wò ó, ó sì fi í sílẹ̀.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, ọ̀gá," ni Eustache wí. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ti lọ. "Èmi ni mo pè yín. Ẹ má bá obìnrin yìí wí. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, kò dé ibí bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí ẹ mú un wá, ó ń bọ́ ọmọ yín, ó ń san iṣẹ́ ìyàwó mi, ó tún ń ṣẹ́kù. Báyìí, kò bọ́ ọmọ náà dé ìdajì oṣù. Léa ló ń bọ́ ọ. Oúnjẹ Léa."

"Mo gbọ́. Mo ti rò ó lọ́nà." Ṣàkírù nu irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìlọ́po méjì tí ẹ sọ yẹn, ẹ ní ẹ̀tọ́. Àmọ́ ọwọ́ méjì náà ni mo ní. Irin tí mo fi ń tún ọkọ̀ ṣe ń ti òkè òkun bọ̀, ojoojúmọ́ ló ń gbówó lórí. Bí mo bá sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó fi kún owó iṣẹ́ mi, á ní ṣé òun lòun ní kí irin gbówó ni. Gbogbo nǹkan ló gbéra nílẹ̀ àfi ọwọ́ mi."

"Ọwọ́ tèmi náà," ni Blandine wí.

Wọ́n wo ara wọn, ará Dassa àti ará Ṣakí. Ẹni méjì jókòó, kò sí olè láàárín wọn, owó sì ń sọnù níṣojú wọn.

Mùbárákà ti kọjá òkúta ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dúró. Ìdánwò ti sún mọ́lé. Mo lè máa jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Lẹ́ẹ̀kan tó mi."

Eustache dìde lójijì, ó lọ sídìí alùpùpù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu ibi tí kò dọ̀tí.

"Dìde," ni Ṣàkírù sọ fún ọmọ rẹ̀. Kò pariwo. "Ṣé kí wọ́n máa sọ nílé pé Ṣàkírù fi ọmọ rẹ̀ sílùú onílùú kó máa jẹ ẹ̀ẹ̀kan? Ìṣẹ́ tó wà nílé tó wa. Dìde, lọ kó ẹrù rẹ."

"Bàbá Mùbárákà," ni Blandine bẹ̀rẹ̀, "bí ẹ bá lè ṣe sùúrù..." Sùúrù kò ní iye ní náírà, kò ní iye ní séfà, àgbàdo inú àpò kò sì mọ ọ́n.

Ẹrù náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó dì í, nítorí ẹsẹ̀ bàtà kan di àwátì. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo ẹ̀yìn ilé. Léa, ọmọ Blandine, tó ti ń ráhùn láti ìgbà tí Mùbárákà ti dé pé ó ń fẹsẹ̀ gbá òun lójú oorun, dúró ti ògiri, ó ń wo òrùlé.

"Léa," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Kí ni mo ṣe?"

"Léa."

Ọmọ náà wọlé, ó yọ bàtà náà kúrò nínú ìkòkò àgbàdo, ó jù ú sílẹ̀, ó sì sáré gba ẹ̀yìn òkúta lọ. Kò padà wá dágbére.

Mẹ́ta ni wọ́n gun alùpùpù náà: Eustache níwájú, ọmọbìnrin náà láàárín, bàbá rẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò lórí itan. Mùbárákà ti kúnlẹ̀ dágbére fún Ìyá Àgbà. Obìnrin arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ fún un pé kó máa rọra lọ, kò sì tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Blandine dúró títí eruku wọn fi jókòó sórí ọ̀nà. Nígbà tó yí padà, ó rí àwo tí wọ́n fi dé oúnjẹ Ṣàkírù. Ó ṣí i. Gààrí náà ti wú, ó ti mu gbogbo omi rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

*

Ọ̀sán lọ, oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sẹ́yìn òkè. Blandine wọ ilé ìdáná, ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó sì rí i pé kò sí ẹni tí òun lè bá sọ Faransé. Léa ti padà, ó ń gé ata, imú rẹ̀ ti pọ́n. Nígbà tó béèrè iyọ̀, Idaasha, èdè ilé wọn, ló fi béèrè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fún un. Kò bá a wí.

Elvire yọjú lórí ògiri. "Mo rí wọn tí wọ́n ń lọ! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlejò tí kì í lọ, onílé ló ń di. Ara tù ọ́ báyìí, àbí?"

"Ó tù mí."

"O ó rí i bí oúnjẹ yóò ṣe máa ṣẹ́kù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Dorian."

Elvire dúró díẹ̀ sí i, ó ń retí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

Blandine ń wo iná. Ó rò ó pé àwọn tírélà yóò tún gba ojú títì lọ lóru òní, ọjà yóò kún inú wọn, wọn yóò sì kọjá. Bí ẹrù bá ti di ọ̀wọ́n tí kò tà, wọ́n lè kó o padà, wọ́n lè fi pamọ́ títí ọjà yóò fi dára. Ibo ni a ń fi ẹ̀kọ́ ọmọ pamọ́ sí? Ìdánwò tí a kò ṣe lọ́dún yìí kò sí nínú àká ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó ń dúró de Mùbárákà yóò dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò gba ẹlòmíràn. Kò sì sí ẹni tí òun lè lọ bá kí òun ṣépè fún.

"Eustache ń bọ̀," ni Ìyá Àgbà wí láti orí ẹní.

Wọn kò tí ì gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ìró alùpùpù dé láti ìsàlẹ̀ òkè.

Arúgbó náà gbé orí sókè. "Alùpùpù yẹn kò dá wá. Ẹ gbọ́ bí ó ti ń mí. Ó ru ènìyàn."

"Èrò ni ó gbé, Màmá."

"Èrò wo ló ń gbé wá sílé ara rẹ̀?"

Blandine jáde. Léa ti ṣíwájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Eustache yọ láàárín àwọn òkúta, ẹnì kan jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tó gbá àpò mọ́ra. Kí alùpùpù tó dúró, Léa ti di etí àpò náà mú.

"Bàbá rẹ̀ dà?" ni Blandine bi ọkọ rẹ̀.

"Ó ti wọkọ̀." Eustache sọ̀kalẹ̀, ó gbé alùpùpù dúró. "Owó tó mú wá ni ó fi ṣírò ọkọ̀ ẹni méjì. Iye tí ó san nígbà tó kọ́kọ́ mú un wá ni ó gbé lọ́kàn kúrò nílé, ọkọ̀ tó wọ̀ wá lónìí sì ti jẹ ju bó ti rò lọ. A lọ sọ́dọ̀ Ìdírísù, ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àní èyí tó so mọ́ etí aṣọ. Ìdírísù kà á. Ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sí Kìlíbò lẹ́bàá ẹnubodè ní séfà lòun ń gbà. Kò tó ẹni méjì. Ẹnì kan ló tó."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó jókòó sójú títì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú un padà, pé bí owó bá pé, òun á wá mú un."

"Ìgbà wo?"

"Mi ò bi í."

Mùbárákà dúró pẹ̀lú àpò rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun dúró síta. Léa ti gba àpò náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ti ń fà á lọ sínú yàrá.

Blandine sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ọmọ má baà gbọ́. "Owó òwúrọ̀ wà lápò yín nígbà tí ẹ lọ."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ọkọ̀ ẹnì kan péré ló kù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò fi kún un fún un?"

Eustache tẹ̀ ba, ó ń wo ṣéènì alùpùpù rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Kò tọrọ," ó ní.

Lórí ẹní, Ìyá Àgbà yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó kọjú sí wọn.

Blandine kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, kò sì bá a jà. Ó padà sínú ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ó sì mú igbá. Ó bu omi sí ọbẹ̀ náà. Ó wò ó, ó rò ó díẹ̀, ó tún bu omi sí i.